Ṣé O Mọ̀? Káàdì Tí Yóò Gbé Géèmù Ọjọ́ Iwájú ní Old GRA, Maiduguri

Ṣé o mọ̀ pé RTX 5090, káàdì gíráfíìkì tó lágbára jù lọ tí Nvidia gbé jáde fún àwọn tó ń gbá géèmù ní ọdún 2025, máa ń jẹ iná tó 575 wátì nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn? Páńẹ́lì sólà ńlá kan, irú èyí tí wọ́n kọ 550 wátì sí lẹ́yìn, kò lè dá gbé e lórí òrùlé Old GRA ní Maiduguri, kódà ní ọ̀sán gangan tí òòrùn Borno bá dé àtàrí. Káàdì nìkan ni mo sì ń sọ. Kọ̀ǹpútà tó gbé e sínú, skríìnì tó wà níwájú rẹ̀, fáànù tó ń fẹ́ ẹni tó jókòó, gbogbo wọn ṣì ń retí iná tiwọn.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ ń bi ara wọn kárí ayé, pé káàdì wo ni yóò gbé àwọn géèmù tó ń bọ̀ dáadáa jù, ní ìdáhùn ọ̀tọ̀ ní Maiduguri. Ní London tàbí Houston, ẹni tó lówó lọ́wọ́ lè wo ìyára nìkan kó sì sanwó. Ní Old GRA, ìyára ni ohun tó yẹ kí èèyàn wò gbẹ̀yìn. Iná ló ṣáájú, ooru ló tẹ̀ lé e, mẹ́mọ́rì ló ṣe ìkẹta. Àwọn ohun ìyanu tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí ló mú mi dé ibẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, àwọn agbésùnmọ̀mí wó àwọn òpó ńlá tó ń gbé iná gba Damaturu wá sí Maiduguri, tí ìlú náà sì pàdánù iná ìjọba pátápátá? Wọ́n tún un ṣe ní oṣù Kẹta. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí àwọn agbésùnmọ̀mí tún fi bà á jẹ́. Ilé-iṣẹ́ epo orílẹ̀-èdè wa, NNPC, ló wá kọ́ ilé amúnáwá tó ń lo gáàsì síbẹ̀, agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwátì 50. Jẹ́ kí a fi káàdì wọn ọ́n wò: bí wọ́n bá yí gbogbo iná ilé amúnáwá yẹn sí RTX 5090 nìkan, láìtan gílóòbù kan, nǹkan bíi 87,000 káàdì ló máa gbé. Fi mẹ́gáwátì 50 yẹn sọ́kàn, nítorí mo máa padà sórí rẹ̀ tí mo bá dé ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì.

Ẹni tó ti gbé nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ oṣù kì í fi bátìrì ṣeré. Wo bátìrì olómi ńlá kan, oní fólítì 12, tí wọ́n kọ 220Ah sí lára. Gbogbo iná inú rẹ̀ jẹ́ 2,640 wátì fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ òun kì í lò ju ìlàjì rẹ̀ lọ kó tó tún gba iná sí i. Kọ̀ǹpútà tó ní RTX 5060, káàdì oní wátì 145, pẹ̀lú skríìnì rẹ̀ àti èyí tí ínfátà máa ń fi ṣòfò, lè fi ìlàjì yẹn gbá géèmù fún bíi wákàtí mẹ́rin àbọ̀. Gbé 5090 sípò rẹ̀, wákàtí kan àbọ̀ ni, iná á sì kú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní "I better pass my neighbour" kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ yìí: nǹkan bíi 650 wátì ni agbára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Nvidia fúnra rẹ̀ sọ pé kí ẹni tó bá ra 5090 fi páwà sọ́pláì oní 1,000 wátì sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé gbogbo wátì tó bá wọ inú káàdì gíráfíìkì ló ń jáde padà bí ooru? Àwòrán tí o ń rí lójú skríìnì kò gbé iná kankan lọ. Ẹni tó bá ń lo 5090 nínú yàrá rẹ̀ ti tan ohun ìdáná kékeré kan sábẹ́ tábìlì, ó sì jókòó tì í. Ní oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún, ooru ìta ní Maiduguri máa ń kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Fáànù káàdì kò lè mú káàdì tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń fà wọlé lọ. Káàdì tó bá gbóná dé 70 nínú yàrá tó wà ní 25 yóò sún mọ́ 85 nínú yàrá tó wà ní 40, iṣẹ́ kan náà ni, géèmù kan náà ni. Nvidia fi òpin ooru 5090 sí 90. Tí káàdì bá ti ń súnmọ́ òpin tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìyára kù kó má bàa jóná. Nítorí náà, ẹni tó san owó gọbọi fún ìyára lè máà rí i gbà ní oṣù Kẹrin.

Yóò ní òun á tan éè-sì. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti ń san owó iná lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, ó fi ọ̀kan mú yàrá gbóná, ó fi èkejì lé ooru náà jáde. Ilé àtijọ́ tí igi dóńgóyárò ṣíji bò, irú èyí tí Maiduguri gbajúmọ̀ fún, sàn ju yàrá tí òòrùn ń nà láti àárọ̀ lọ. Mi ò rí ìwé ìmọ̀ràn káàdì kankan tó dárúkọ igi, àmọ́ ó yẹ kí ẹni tó ń gbé Old GRA kà á mọ́ irinṣẹ́ rẹ̀.

Eruku ńkọ́? Ṣé o mọ̀ pé ibi tí eruku ti ń gbéra jù lọ lórí ilẹ̀ ayé kò jìnnà sí Borno? Bodélé ni wọ́n ń pè é, ní orílẹ̀-èdè Chad, ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn adágún Chad, níbi tí omi adágún náà ti bò mọ́lẹ̀ nígbà láéláé. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló ń gbé eruku ibẹ̀, ó ń gbé e kọjá lórí Maiduguri, ó ń gbé e sọdá òkun Àtìláńtíìkì títí dé igbó Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Èyí tí kò bá bá wọn lọ ló ń há sáàárín àwọn irin pẹlẹbẹ tó yẹ kó mú káàdì tutù. Káàdì oní wátì 300 nílò afẹ́fẹ́ púpọ̀, afẹ́fẹ́ púpọ̀ sì ni eruku púpọ̀. Ẹni tí káàdì rẹ̀ kò jẹ iná púpọ̀ máa ń ṣí kọ̀ǹpútà fẹ́ eruku kúrò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ iná púpọ̀ á máa ṣe é ní gbogbo ìgbà ọyẹ́.

Mo ní ohun kan tí mo fẹ́ sọ kíákíá fún àwọn tó ń bá ara wọn jà lórí Nvidia àti AMD. Jensen Huang tó jẹ́ ọ̀gá Nvidia àti Lisa Su tó jẹ́ ọ̀gá AMD, ìbátan ni wọ́n; Taiwan ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì. Ilé-iṣẹ́ kan náà ní Taiwan, TSMC, ló ń bá àwọn méjèèjì ṣe chip káàdì wọn. Òun náà ló ṣe ti Arc B580 tí Intel gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Orúkọ mẹ́ta ló wà lára páálí, ọwọ́ kan ló ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ má tìtorí rẹ̀ bínú síra yín.

Ó wá kan àsọtẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ló sì dùn jù. Ṣé o mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe géèmù náà máa ń sọ tẹ́lẹ̀ kó má ṣẹ? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Crytek ní Jámánì gbé Crysis jáde. Nígbà yẹn, kò sí káàdì kankan lọ́jà tó lè gbé e geere bí èèyàn bá fi gbogbo ẹwà rẹ̀ sí òkè pátápátá, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí gbogbo ayé fi ń dán kọ̀ǹpútà tuntun wò. Ohun tí Crytek rò ni pé ọpọlọ kan ṣoṣo inú prósẹ́sọ̀ yóò máa yára sí i lọ́dọọdún. Ayé gba ọ̀nà mìíràn: àwọn tó ń ṣe prósẹ́sọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọpọlọ púpọ̀ sínú ẹyọ kan. Géèmù tí wọ́n ṣe fún ọjọ́ iwájú wá ń fà bí ìgbín lórí ẹ̀rọ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní ọdún mélòó kan. Àwọn tó kọ géèmù náà gan-an nìyẹn o. Kí ni kí a wá sọ nípa àwa tó ń wò láti òkèèrè?

Síbẹ̀, àwọn àmì kan wà tí kì í tan èèyàn. Wo GTX 1080 Ti, káàdì ńlá Nvidia ti oṣù Kẹta ọdún 2017, tí owó rẹ̀ jẹ́ 699 dọ́là, tó ní mẹ́mọ́rì 11GB. Nínú àwọn géèmù ìgbà tirẹ̀, ó yára ju RTX 2060 Super tó dé ní 2019 lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, géèmù Indiana Jones and the Great Circle jáde, wọ́n sì kọ 2060 Super síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù nínú ti Nvidia. 1080 Ti kò wọlé. Ohun tó fà á ni ray tracing, ọ̀nà tí káàdì fi ń tọ ipasẹ̀ ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ bó ṣe ń ta láti ara nǹkan kan sí òmíràn, kí òjìji àti dídán omi lè rí bí a ṣe ń rí wọn ní ti gidi. 1080 Ti kò ní ẹ̀yà ara tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Doom: The Dark Ages tó jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 tún ti ilẹ̀kùn kan náà. Tẹ́lẹ̀, ray tracing jẹ́ ohun tí èèyàn lè tàn tàbí kó pa. Géèmù tí kì í jẹ́ kí a pa á ti dé báyìí, mo sì gbà pé wọn yóò máa pọ̀ sí i ni. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta GTX èyíkéyìí, látorí 1060 dé 1660, fún ọ nítorí géèmù tó ń bọ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o sì máa bá tìrẹ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé inú káàdì géèmù ni ọpọlọ àtọwọ́dá òde òní ti gbérí? Ní ọdún 2012, Alex Krizhevsky, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Toronto, fi káàdì GTX 580 méjì péré, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mẹ́mọ́rì 3GB, kọ́ ẹ̀rọ kan bí yóò ṣe máa dá ohun tó wà nínú fọ́tò mọ̀. AlexNet ni wọ́n pe ẹ̀rọ náà. Ó borí nínú ìdíje ImageNet ọdún yẹn débi pé gbogbo àwọn onímọ̀ yí ojú sí ọ̀nà tó gbà. Káàdì tí wọ́n ṣe fún ìbọn àti bọ́ọ̀lù orí skríìnì ló ṣe bẹbẹ yẹn.

Ọmọ tí káàdì géèmù bí yẹn ti wá dàgbà, ó sì ń jẹ oúnjẹ ilé. Ní ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ xAI ti Elon Musk kó chip Nvidia H100 tó tó 100,000 jọ sí ibùdó kan ní Memphis ní Amẹ́ríkà. H100 kọ̀ọ̀kan lè jẹ 700 wátì. Mo ní kí o fi mẹ́gáwátì 50 Maiduguri sọ́kàn: gbogbo rẹ̀ kò tó àwọn chip yẹn nìkan, kí a tó sọ ti ohun tó ń mú wọn tutù. Àwọn ibùdó bẹ́ẹ̀ ló ń fa mẹ́mọ́rì mọ́ àwọn eléré géèmù lọ́wọ́. Ní ìparí ọdún 2025, owó mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà fò sókè kárí ayé. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, Micron, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe mẹ́mọ́rì, kéde pé òun yóò dáwọ́ Crucial dúró, orúkọ tí òun fi ń ta mẹ́mọ́rì fún aráàlú, kí òun lè gbájú mọ́ àwọn oníbàárà ńlá. Àgbọ́sọ ti wà tipẹ́ pé Nvidia yóò gbé RTX 50 Super jáde pẹ̀lú mẹ́mọ́rì tó pọ̀ sí i. Títí ọdún 2025 fi parí, wọn kò kéde rẹ̀. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó di owó rẹ̀ mọ́wọ́ dè é.

Mẹ́mọ́rì sì ṣe pàtàkì gan-an. RTX 5060 Ti wà ní oríṣi méjì, 8GB àti 16GB. Chip kan náà, ìyára kan náà, àádọ́ta dọ́là ló wà láàárín wọn lọ́jọ́ tí wọ́n jáde. Nígbà tí géèmù bá béèrè ju 8GB lọ, èyí kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í yá àyè lára mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà, èyí tó jìnnà sí i tó sì lọ́ra. Géèmù á máa fà, á máa já, ara ògiri àti aṣọ àwọn tó wà nínú géèmù á rí bàìbàì. Èyí tó jẹ́ 16GB kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Géèmù ọjọ́ iwájú kì í dín mẹ́mọ́rì kù. Nínú gbogbo àsọtẹ́lẹ̀ tó wà nínú ìwé yìí, èyí ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé.

Ṣé o mọ̀ pé púpọ̀ nínú ohun tí o ń rí lójú skríìnì lónìí, káàdì kò yà á? Ó méfò rẹ̀ ni. Skríìnì 4K ní píksẹ́lì tó lé ní mílíọ̀nù 8. Pẹ̀lú DLSS 4 ti Nvidia, káàdì lè ya àwòrán kan ní ìdá mẹ́rin ìwọ̀n yẹn, kí ọpọlọ àtọwọ́dá fẹ̀ ẹ́, kó sì tún fi àwòrán mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò yà tẹ̀ lé e. Ṣírò rẹ̀: nínú píksẹ́lì 16, ọ̀kan ṣoṣo ni káàdì ṣiṣẹ́ fún ní tòótọ́. Ohun ńlá ni èyí fún ẹni tó ń fi bátìrì gbá géèmù, nítorí píksẹ́lì tí a méfò kì í jẹ iná tó èyí tí a yà. Ṣùgbọ́n àwọn àwòrán àfikún yẹn kì í mú kí ọwọ́ rẹ yá. Tí káàdì bá ń ya 20 péré láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, o lè rí 80 lójú, bọ́tìnnì tí o tẹ̀ á ṣì máa dáhùn bíi ti 20. Kó kọ́kọ́ lè ya nǹkan bíi 60 fúnra rẹ̀, kí o tó ní kó fi ìméfò kún un. AMD náà ní tirẹ̀, FSR 4, tí wọ́n gbé jáde pẹ̀lú àwọn káàdì RX 9000 ní 2025.

Ó ku géèmù tí gbogbo ayé ń dúró dè. Rockstar, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é, kọ́kọ́ ní ọdún 2025 ni Grand Theft Auto VI (GTA VI) yóò jáde, wọ́n sún un sí oṣù Karùn-ún ọdún 2026, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 2026. Ṣé o mọ̀ pé nínú gbogbo ìkéde yẹn, wọn kò dárúkọ kọ̀ǹpútà? PlayStation 5 àti Xbox Series X àti Series S nìkan ni. Ìtàn Rockstar kò sì fi bẹ́ẹ̀ pamọ́. GTA V dé orí ẹ̀rọ géèmù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, kò dé orí kọ̀ǹpútà àfi oṣù Kẹrin 2015. Red Dead Redemption 2 dé ní oṣù Kẹwàá 2018, kọ̀ǹpútà rí i ní oṣù Kọkànlá 2019. Bí wọ́n bá rìn bí wọ́n ṣe máa ń rìn, àárín ìparí 2027 sí àárín 2028 ni mo rò pé ti kọ̀ǹpútà yóò bọ́ sí. Láti 2018, Nvidia máa ń gbé ìran káàdì tuntun jáde ní bíi ọdún méjì síra wọn, díẹ̀ ló máa ń fi lé. Ẹni tó bá ń ra káàdì lónìí nítorí GTA VI ń ra bàtà fún ọmọ tí a kò tíì lóyún rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ GTA VI ni Series S. Ẹ̀rọ kékeré yẹn, tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ní mẹ́mọ́rì 10GB fún gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, agbára àwòrán rẹ̀ jẹ́ tẹ́ráfílọ́pù 4. PlayStation 5 ní 10.28. Rockstar ti ṣèlérí pé géèmù tó tóbi jù lọ nínú ìtàn wọn yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́ sórí ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ní kí o mú 5090 wá kó tó ṣílẹ̀kùn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, àwọn ilé-iṣẹ́ CD Projekt Red àti Epic fi àpẹẹrẹ iṣẹ́ géèmù The Witcher 4 hàn ní Orlando, ó ń sáré ní àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, ray tracing sì wà níbẹ̀. PlayStation 5 lásán ni wọ́n fi ṣe é. AMD ló ṣe chip inú PlayStation 5, iye ẹ̀ka ìṣirò àwòrán rẹ̀, 36, náà ni ti káàdì RX 6700 tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà. Nígbà tí PlayStation 6 bá dé ni òṣùwọ̀n yìí yóò yí. Títí di ìgbà náà, káàdì tó bá ju PlayStation 5 lọ díẹ̀, tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ sì pọ̀, ti wà lórí ọ̀nà.

Owó náira ni ó kù. Ṣáájú oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n tú náira sílẹ̀, dọ́là kan wà ní bíi 460 náira ní báńkì. Káàdì oní 299 dọ́là jẹ́ bíi 137,500 náira. Nígbà tí dọ́là di 1,500 ní ọdún tó tẹ̀ lé e, káàdì yẹn gan-an di 448,500, kí a tó fi owó ọkọ̀ àti èrè oníṣòwò kún un. Ìdí nìyí tí tòkunbọ̀ fi gba ọjà.

Ṣé o mọ̀ ibi tí púpọ̀ nínú káàdì tòkunbọ̀ ti wá? Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì Ethereum yí ìlànà rẹ̀ padà. Káàdì tí àwọn èèyàn fi ń wa owó náà tọ̀sán-tòru di aláìníṣẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì da wọn sọ́jà. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ kò burú tó bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ, fáànù rẹ̀ ló sábà máa ń gbó. Ayédèrú ni kí o bẹ̀rù: káàdì àtijọ́ tí wọ́n tún orúkọ kọ sínú rẹ̀ kó lè máa pe ara rẹ̀ ní tuntun. GPU-Z, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan, ti ń tú wọn fó láti ọdún 2018. Bóyá Computer Village ní Ikeja lo ti ń rà á tàbí ọ̀rẹ́ lo ní kó bá ọ rà á, kí wọ́n ṣí GPU-Z níwájú rẹ tàbí lórí fídíò, kí wọ́n sì fi géèmù tó wúwo dán káàdì náà wò fún ìdajì wákàtí kí o tó sanwó. Láti Ikeja sí Maiduguri jìnnà jù fún dídá ọjà padà.

Géèmù fúnra rẹ̀ tún ní ìwúwo tirẹ̀. Indiana Jones tí mo dárúkọ gba àyè tó 120GB. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sáré ní 5 mẹ́gábíìtì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, ó ju ọjọ́ méjì lọ kó tó wọlé tán. Starlink, tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Áfíríkà láti Nàìjíríà ní oṣù Kìn-ín-ní 2023, lè parí rẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta bó bá fún ọ ní 100.

Èyí wá ni ìdájọ́ mi fún ọ̀dọ́ tó wà ní Old GRA tó fẹ́ ra káàdì tuntun. RX 9060 XT oní 16GB ni mo fi ṣíwájú: wátì 160, 349 dọ́là lọ́jọ́ tó jáde ní oṣù Kẹfà 2025. RTX 5060 Ti oní 16GB, wátì 180, ló tẹ̀ lé e, ó sì lè ṣíwájú fún ẹni tó ń fi káàdì ṣe iṣẹ́ fídíò tàbí àwòrán lẹ́yìn géèmù. Arc B580 ní 12GB fún 249 dọ́là lọ́jọ́ tó jáde, èyí wuni, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àtijọ́ kì í bá a ṣe dáadáa, wátì 190 sì ni. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ tí páwà rẹ̀ kéré lè fi RTX 3050 oní 6GB sí i, wátì 70, kò nílò wáyà iná kankan. Kó kàn mọ̀ pé Doom tuntun ń béèrè 8GB. Èyíkéyìí tí o bá rà, lọ sínú ètò rẹ̀ kí o fi òpin sí àwòrán ní 60, kí o sì dín iná tó ń gbà kù díẹ̀díẹ̀. Iná tí o dín kù máa ń pọ̀ ju ìyára tí o pàdánù lọ, bátìrì àti fáànù á sì fara mọ́ ọn.

Bí ó bá jẹ́ pé RTX 3060 oní 12GB ti wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ tẹ́lẹ̀, má ra káàdì kankan ní báyìí. Fi owó náà kún bátìrì.